Oúnjẹ Ni Okùn: Ológbò Ọjà Wa Lásìkò Òjò

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtagbangba fún àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè pa ẹlòmíì lẹ́rìn-ín, nítorí pé ológbò ló dá lé. Kì í ṣe ológbò tó ń sùn lórí àga nílé olówó ni mò ń wí. Èyí tí kò ní olúwa ni, tó ń gbé abẹ́ ìsọ̀ ẹja ní ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, tó ń rìn lórí páànù ní ọjà Sábó n'Ìkòròdú, tó jẹ́ pé bó bá ti fojú kan ènìyàn, ẹsẹ̀ ló fi ń fẹ́ ẹ. Ìbéèrè mi ni pé: nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru, tí omi gba ọjà, ṣé ó yẹ kí a fún un lóúnjẹ? Mo ní ó yẹ, àánú nìkan kọ́ sì ni ìdí rẹ̀. Oúnjẹ ni okùn kan ṣoṣo tí a lè fi fa ẹranko tí kò gbà kí a fọwọ́ kan òun. Ẹni tó bá da oúnjẹ sílẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ ti fi okùn náà ṣòfò. Ẹni tó bá ní kí ebi máa pa á lọ ti já okùn ọ̀hún pátápátá. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni bí a ṣe lè di okùn yìí mú, kó ṣe ológbò láǹfààní, kó sì ṣe ọjà láǹfààní.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Lóòótọ́, àwọn ìlú olótùútù ni wọ́n ti ń sọ ọ́ jù. Ní Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, òtútù mú ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019 débi pé ìwọ̀n ooru lọ sí nǹkan bí 31 nísàlẹ̀ òdo. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, omi inú abọ́ á ti dì kí ológbò tó lá a tán. Òmíràn á sì kó wọ inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò láti wá ooru, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣáná sí ọkọ̀. Ọyẹ́ tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ tí kò ní ìgbà ìnira tirẹ̀, òjò sì ni tiwa. Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkeje ni òjò Èkó máa ń le jù. Ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo sọ àdúgbò púpọ̀ ní Èkó di odò, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn. N'Ìkòròdú, omi a tún máa gba ẹ̀yìn wá. Dáàmù Ọ̀yán, tí ìjọba ṣí ní ọdún 1983, wà lórí odò tó ń ṣàn bọ́ sínú odò Ògùn. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú ló ń gbà á lálejò, bó ṣe rí ní ọdún 2010 tí ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù wọn jáde.

Kí ni omi yìí ń ṣe fún ológbò? Ara rẹ̀ gbóná ju tiwa lọ, nítorí pé ìwọ̀n 38 sí 39 ni ooru ara rẹ̀ máa ń wà. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ooru náà sá lọ. Bí irun bá ti rin, tó lẹ̀ mọ́ ara, ẹ̀wù náà kò wúlò mọ́, òtútù á sì mú un bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa tí a wọ aṣọ gbígbẹ kò mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù kan ni ọ̀ràn náà burú fún jù, torí pé wọn kò tíì lè mú ara wọn gbóná tó. Ibi tó sì ń bímọ sí, abẹ́ ìsọ̀, inú gọ́tà, ẹ̀yìn àpò ìrẹsì, ni àgbàrá ń kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ kan náà, ọjà á tú. Bí ìyá ẹlẹ́ja kò bá pàtẹ, kò sí ìfun ẹja lẹ́bàá ìsọ̀, kò sí orí ṣawá tí ẹnikẹ́ni máa jù sílẹ̀, èyí tó sì wà níbẹ̀ lánàá, omi ti gbá a lọ sọ́sà. Ebi, òtútù àti àìríbi-sùn á wá dé papọ̀. Bí a bá ń wá ohun tó dúró fún yìnyín Chicago nílẹ̀ wa, òun nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní: kí ló kàn wá ńbẹ̀? Ẹran igbó ni, kó lọ sígbó. Ibí ni ìtàn ti takò ó. Ní erékùṣù Cyprus, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibojì kan tó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún, tí wọ́n sin ológbò sí ẹ̀gbẹ́ òkú ènìyàn. Ológbò kò sí ní erékùṣù náà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn fi gbé e débẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti tú àṣírí náà pé ìgbà tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà sínú àká ni ológbò sún mọ́ ilé. Ọkà ló pe eku, eku ló pe ológbò. A kò dọdẹ rẹ̀ bí a ṣe dọdẹ ẹran mìíràn, oúnjẹ tí a tò jọ ló bá wá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà ló ṣe rí n'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lónìí. Ìlú tó ń ta èpìyà, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún láti ìdájí, tó ń tò gàrí àti àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ti ránṣẹ́ pe ológbò, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ológbò ilé tí olówó wọn jù sọ́jà lóru nígbà tí ìyá wọn bí wọn tán. Ológbò ọjà kì í ṣe àlejò tó ṣèèṣì yà. Ọwọ́ wa ló dá a sílẹ̀.

Ẹ̀sìn wa náà kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Mùsùlùmí pọ̀ n'Ẹ́pẹ̀ẹ́ àti n'Ìkòròdú, wọ́n sì mọ hádíìsì obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó so mọ́lẹ̀, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Wọ́n mọ̀ pé orúkọ tí a fi ń pe Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn tó gba hádíìsì jù lọ, túmọ̀ sí bàbá ọmọ ológbò. Bíbélì náà kọ́ onígbàgbọ́ nínú ìwé Òwe pé olódodo a máa ro ti ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Òfin ìlú pẹ̀lú ní tirẹ̀ láti sọ: abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà lélẹ̀ fún ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko. Náírà 50 yẹn ti di ohun ẹ̀rín báyìí, ṣùgbọ́n ìlànà inú rẹ̀ kò tíì gbó. Síbẹ̀, bí mo bá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi ka àánú, ẹni tí kò ní àánú á dìde lọ. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àǹfààní.

Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ní ọdún 1969, ara eku kan tó fẹ́ràn ilé àti àká oúnjẹ ló ti ń wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń ba oúnjẹ jẹ́. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ń ka ohun tí ará ìlú lè ṣe láti dènà á, wọ́n ní kí a kó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí a da ìdọ̀tí jìnnà sílé, kí ilé mọ́, kí a sì ní ológbò. Nígbà tí àgbàrá bá gba ihò eku, eku á kó wọlé, á kó wọ ṣọ́ọ̀bù, ìtọ̀ rẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ omi tí ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ lásán wọ́ kọjá. Àsìkò tí a nílò ológbò jù ni àsìkò tí òjò ń pa á jù. Bí ológìnní bá jáde nílé, ilé di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí a sọ o, ológbò kì í ṣe idán. Àwọn onímọ̀ kan fi kámẹ́rà ṣọ́ ológbò àti èkúté ńlá ní ibi ìkódọ̀tísí kan ní New York, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018: nínú ọjọ́ 79, èkúté méjì péré ni àwọn ológbò náà pa. Ohun tí wọ́n rí ni pé èkúté fara pamọ́ nígbà tí ológbò bá wà nítòsí. Eku kéékèèké ni ológbò ń pa dáadáa. Ọ̀gá èkúté a máa ṣọ́ra fún un, òun náà a sì máa ṣọ́ra fún ọ̀gá èkúté. Nítorí náà, ìmọ́tótó ni iṣẹ́ kìíní, ológbò ni igbákejì. Ẹni tó bá ń ta ológbò fún ọjà bí oògùn eku àrà-ọ̀tọ̀, ó ń ta ohun tí kò ní. Àmọ́ igbákejì yìí sàn ju ota-pia-pia lọ, tí a ń fọ́n sẹ́bàá ẹja àti gàrí tí a máa tà fún ènìyàn jẹ.

Mo wá dé orí okùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ológbò tí kò mọ ènìyàn lára kò ṣe é mú lọ́wọ́. Ẹ lé e, ó sá. Ẹ pa á, òmíràn á rọ́pò rẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀, nítorí pé oúnjẹ tó mú ti àkọ́kọ́ wá ṣì wà ńbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú un wá síbi kan náà, lásìkò kan náà, ni oúnjẹ. Bó bá ti ń wá, a ó lè kà á. A ó mọ èyí tó lóyún àti èyí tó ń ṣàìsàn, a ó sì mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. A ó lè fi pàkúté alápòótí mú un láìfara pa á, kí dókítà ẹran tẹ akọ lọ́dàá, kó yọ ilé ọmọ abo, kó fún un ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, kó gé ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ díẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí lórí rẹ̀, kí a sì dá a padà síbi tí a ti mú un. Ní ọgbà yunifásítì kan ní Florida, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ológbò 68 ni wọ́n kà ní ọdún 1996, ó ku 23 ní ọdún 2002. Ìtẹ̀lọ́dàá nìkan kọ́ ló ṣe é o. Nǹkan bí ìdajì gbogbo ológbò tó gba ọwọ́ wọn kọjá ni wọ́n rí ilé fún, bí àlejò bá sì dé, wọ́n tètè ń mú un. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń bọ́ wọn lójoojúmọ́ ló mọ ìgbà tí àlejò dé. Ìgbà òjò ni okùn yìí lágbára jù, torí pé ebi á mú èyí tó ń fara pamọ́ látẹ̀yìnwá jáde.

Báwo wá ni a ṣe ń ṣe é? Kí oúnjẹ jẹ́ ti ojúmọmọ, kó má jẹ́ ti alẹ́, nítorí oúnjẹ tó bá sun ìta mọ́jú, èkúté ló máa jẹ ẹ́. Kí a gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30, kí a kó àjẹkù àti abọ́, kí a sì fọ ibẹ̀. Kó jẹ́ ibi tó ga, tó ní òrùlé, tí àgbàrá kò lè dé, tó sì jìnnà sí ibi tí a ti ń ta oúnjẹ sísè. Ìfun àti orí ẹja tí a bọ̀, tí a yọ egungun ńlá rẹ̀, tí kò ní iyọ̀ àti ata, tó fún un. Wàrà màlúù kò dára, inú ọ̀pọ̀ ológbò àgbà kò gbà á, ó ń mú wọn yàgbẹ́. Omi mímọ́ ṣe pàtàkì nígbà òjò gan-an, nítorí omi ilẹ̀ ọjà ti dà pọ̀ mọ́ epo àti ìdọ̀tí. Ní ti ibùsùn, àpótí pákó kan tí a gbé ka orí búlọ́ọ̀kù, tí ẹnu rẹ̀ kéré, tí a fi koríko gbígbẹ tẹ́, ti tó. Àwọn ará ìlú olótùútù ti kọ́ ọ pé aṣọ kò dára nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, ó ń mu omi, ó sì ń fa òtútù. Koríko gbígbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó wúlò níbí bó ṣe wúlò lọ́hùn-ún.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo máa ń rò ni pé oúnjẹ á mú wọn pọ̀ sí i. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Nǹkan bí oṣù méjì ni oyún ológbò, ó lè lóyún kó tó pé oṣù mẹ́fà, ó sì lè tún lóyún nígbà tó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Oúnjẹ láìsí ìtẹ̀lọ́dàá á sọ ológbò mẹ́wàá di ogójì. Bí a bá sì tẹ mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ́dàá, owó lásán la ná, torí abo tó kù á bí iye tó máa dí àlàfo náà. Ohun tí àtakò yìí fi hàn ni pé oúnjẹ lásán kò tó. Kò fi hàn pé kí ebi máa pa wọ́n, nítorí ebi kò dá ìbímọ dúró lọ́jà wa látọjọ́ tó ti ń pa wọ́n. Àwọn mìíràn ní ológbò tó bá yó kò ní pa eku mọ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ wà lára ológbò lọ́tọ̀, ebi wà lọ́tọ̀. Ológbò ilé tó ń jẹ àjẹyó náà a máa gbé eku wá bá olówó rẹ̀. Ìwà yìí kan náà ló ń pa ẹyẹ, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013 fi iye ẹyẹ tí ológbò ń pa níbẹ̀ lọ́dún sí bílíọ̀nù kan àti díẹ̀ ó kéré tán. Nítorí náà, kí ibi ìfóúnjẹ wà láàárín ọjà, kó má ṣe sí etí igbó tàbí àbàtà ọ̀sà níbi tí ẹyẹ ń kó ọmọ sí.

Ti àrùn ńkọ́? Dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún ní gbogbo ayé. Ajá ló ń fa èyí tó tó 99 nínú 100, ṣùgbọ́n ológbò náà lè kó o. Ológbò tí kò jẹ oúnjẹ wa, a kò lè fún un lábẹ́rẹ́. Ẹni tí ológbò bá sì bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ dúró de àgbo. Àrùn kan tún wà nínú ìgbẹ́ ológbò tó lè pa ọmọ inú aboyún lára. Ó máa ń gba ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ẹyin àrùn náà tó lè ran ènìyàn, fún ìdí èyí, ìgbẹ́ tí a bá kó lójoojúmọ́ kò ní ráyè ṣe ibi. Kí aboyún má ṣe jẹ́ ẹni tó ń kó o.

Àtakò kan wà tí a kì í sọ ní gbangba: àjẹ́ ni ológbò, àgàgà èyí tó dúdú. Ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá ni ojú tó ń tàn lóru àti igbe bí igbe ọmọ ọwọ́. Ojú màlúù àti ti ewúrẹ́ náà ń tàn bí a bá tan iná sí i lóru, nítorí awọ kan ní ẹ̀yìn inú ẹyin ojú wọn tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kò sì sẹ́ni tó sọ ewúrẹ́ lókùúta torí rẹ̀. Ní ti igbe, abo tó ń wá akọ àti akọ tó ń jà nítorí abo ló ń ké bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, igbe náà á rọlẹ̀. Ẹni tí igbe òru ń dẹ́rù bà jù ló yẹ kó kọ́kọ́ dáwó dókítà ẹran.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti ẹni tó bá béèrè pé: ebi ń pa ọmọ ènìyàn, ológbò lẹ ń sọ? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí ojú ti ẹni tó bá fi ẹja tó yẹ fún ọmọ bọ́ ológbò. Ṣùgbọ́n ìfun tí à ń dà sọ́sà ni mò ń sọ, ènìyàn kì í jẹ ẹ́. Ohun tí ètò yìí ń gbà ni ìkòkò kan, igi ìdáná, wákàtí kan lójúmọ́, àti owó dókítà lẹ́ẹ̀kan fún ológbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìyẹn wé owó àpò gàrí tí eku dá lu àti iye tí a ń ná lórí ẹni kan ṣoṣo tí ibà Lassa bá dá dúbúlẹ̀. Ọlọ́run ló ń bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin, ohun tí àwọn kan á wí nìyẹn kí wọ́n lè jókòó tẹtẹrẹ. Àmọ́ màlúù ni òwe yẹn tù nínú. Kò yọ̀ǹda olówó màlúù kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ta ni yóò ṣe é? Bí a bá fi í sílẹ̀ fún aláàánú kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá ni ètò dópin. Ẹgbẹ́ ọjà ló yẹ kó ni ín. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè méje: Àríwá Ìkòròdú, Ìwọ̀-Oòrùn Ìkòròdú, Ìgbógbó-Báyékù, Ìjẹ̀dẹ́, Ìmọ̀tà, Ẹ̀rẹ́dò àti Ìkòsì-Èjìnrìn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà kan péré, tí ìyálọ́jà yan ènìyàn méjì tó ń bọ́ wọn tó sì ń kà wọ́n, tí káńsù sì rán dókítà ẹran wá nígbà tí oúnjẹ bá ti kó wọn jọ, a ó ní ohun tí a lè fi ojú rí kí ọdún tó yí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ. Bí ọjà àti ológbò ṣe ń bá ara wọn gbé lónìí nìyẹn. A kò lè lé e lọ, a kò sì tíì gbà á mọ́ra. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà ni pé kí ẹ má dúró de ìgbà tí omi bá dé orókùn. Kí oṣù kẹrin má kọjá kí ẹ tó yan ibi gíga náà, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ náà, àti ìwé tí a ó máa kọ iye wọn sí. Kí ẹ sì kọ ìwé sí káńsù fún dókítà ẹran lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá gbé ìkòkò kaná.